Òkúta Yíyọ́ Tiwalọlá

Abẹ̀bẹ̀ ni ọkùnrin náà fi ń fẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ tí Tiwalọlá kọ́kọ́ fojú kàn án. Ẹ̀rọ amúlétutù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Yábàá ti dákẹ́, òógùn bo ojú rẹ̀, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà ló ń fẹ́, kì í ṣe ara rẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọbìnrin náà.

"Ẹ kú ìtọ́jú o. Ṣé ara aláìsàn ti ń yá?"

"Ibà ló ń ṣe é, Àǹtí, àmọ́ kò ní kú."

Ìbíkúnlé lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ní ìṣirò ńlá tí kọ̀ǹpútà ilé kò lè gbé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń wá. Òkúta ni Tiwalọlá gbé wá ní tirẹ̀. Ó ń kàwé fún oyè ọ̀mọ̀wé, ó sì fẹ́ mọ bí àwọn átọ́ọ̀mù ṣe ń rìn nínú òkúta tó yọ́ bí omi nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí ìwúwo ayé ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà ló ti máa ṣẹ̀dá òkúta náà, tí á máa fi ìwúwo kún ìwúwo lórí rẹ̀.

Kí n má purọ́ fún yín, ìfẹ́ wọn ò pẹ́ rárá kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí Tiwalọlá bá wá wo òkúta, á jókòó; bó bá jókòó, gúgúrú àti ẹ̀pà á dé. Kò pẹ́ tí Ìbíkúnlé fi ń pè é ní Olókùúta mi. Ìyá Tiwalọlá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Sùúrùlérè, ní òun ò bínú sí i, ìwà lòun máa wò.

Ìgbà tí ìyá àtọmọ lọ sìnkú ní Abẹ́òkúta ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ìbíkúnlé rí i pé bí ìwúwo ṣe ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ làwọn átọ́ọ̀mù ń yára sí i. Ta ni wọ́n ń di ẹrù lé lórí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yá sí i? Ó ní olólùfẹ́ òun ti ṣe àṣìṣe nínú ìṣirò, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó máa gbọ́ iṣẹ́ náà á fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dá ẹ̀rọ dúró, ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó yí nọ́ńbà padà, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Kò pe Tiwalọlá.

Nígbà tí Tiwalọlá dé, ẹ̀rín ló fi sọ fún un. Ọmọbìnrin náà wá iṣẹ́ rẹ̀ nínú ẹ̀rọ, gbogbo ẹ̀ ti lọ.

"Àwọn átọ́ọ̀mù irú òkúta yẹn di ara wọn mú pinpin ni. Ìwúwo ló ń tú ọwọ́ wọn ká, tí wọ́n fi ń rìn. Ìgbà tó bá wúwo kọjá ààlà ni wọ́n tó ń há. Ohun tó o pè ní àṣìṣe, òun gan-an ni mo ń wá."

"Torí mo fẹ́ràn rẹ ni."

"O ò bi mí, Ìbíkúnlé."

Ó sunkún délé. Ìyá rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní ṣé ẹni tí á máa tún ayé ẹ ṣe láì bi ọ́ léèrè lo fẹ́ fẹ́? Tiwalọlá bẹ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n sún ọjọ́ tí wọ́n máa gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀ síwájú díẹ̀, wọ́n ní kò sí àfikún mọ́.

Ìbíkúnlé dá iṣẹ́ àwọn oníbàárà yòókù dúró, ó kó gbogbo ẹ̀rọ lé òkúta lórí, bí Tiwalọlá ṣe kọ́kọ́ ṣe é gẹ́lẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló pè é. Iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́.

"Ẹ̀rọ ti gbóná jù. Tí mo bá pa á, iṣẹ́ òní á lọ. Tí mo bá fi í sílẹ̀, ó lè jó. Iṣẹ́ ẹ ni. Kí lo ní kí n ṣe?"

Tiwalọlá mọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn ni oúnjẹ Ìbíkúnlé. "Tó bá jó ńkọ́?"

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́."

Ìfẹ́ rẹ̀ gba ọkàn Tiwalọlá kan lákọ̀tun. Ó ní kó pa á, ọ̀la ń bọ̀.

Iṣẹ́ parí nígbà tó ku ọ̀la tí ọjọ́ á pé. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bi Tiwalọlá ní ìbéèrè títí, nígbà tó yá wọ́n gba iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ìbíkúnlé wá sí Sùúrùlérè, ó dọ̀bálẹ̀. Màmá bi í pé kí ló bá wá.

"Ẹ má bínú, mà. Òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bi." Ó kọjú sí Tiwalọlá. "Ṣé wàá fẹ́ mi? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, mo fara mọ́ ọn."

"Màá fẹ́ ọ."

Màmá ní kí Ìbíkúnlé dìde nílẹ̀, ó sì sún fún un lórí àga.