Awakọ̀ Tó Ń Ra Kọ̀ǹpútà Díẹ̀díẹ̀

Ẹsẹ̀ obìnrin náà ni awakọ̀ kọ́kọ́ rí. Ìyókù ara rẹ̀ wà lábẹ́ káńtà. Ó dojú bolẹ̀ gbalaja, ó fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú, ó sì ń na ọwọ́ sí súkúrúù kékeré kan tó yí lọ sẹ́yìn àpótí.

"Ẹ dìde, àǹtí," awakọ̀ náà wí. "Tó bá di ti ìdọ̀bálẹ̀, èmi ló yẹ kí n ṣe é, àmọ́ ìbàdí mi ò ní gbà."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin náà, tọ́ọ̀ṣì náà sì bọ́ tẹ̀lé e. Nígbà tó máa fi dìde, eruku ti kún imú rẹ̀. Wáyà aláwọ̀ ewé ni ó fi di irun sẹ́yìn. Awakọ̀ náà wò ó títí, ó gbàgbé ohun tó wá rà.

"Kí lẹ fẹ́?"

"Kọ̀ǹpútà tó lè gbé géèmù. Èyí tí wọ́n ti máa ń wa tírélà."

"Ti ọmọ yín ni?"

"Mi ò lọ́mọ, mi ò níyàwó. Tèmi ni."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti múra sílẹ̀ kí wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó sì fa àga fún un.

Wíwa tírélà ni iṣẹ́ ọkùnrin yìí tẹ́lẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí kì í sáré. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, obìnrin kan ti kẹ̀kẹ́ jáde láti kọ̀rọ̀, ni Jẹ́jẹ́ bá yí sítíárìn sínú kòtò. Obìnrin náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé. Ní ti Jẹ́jẹ́, gbígbé ni wọ́n gbé e. Wọ́n fi irin sí i ní ìbàdí, dókítà sì sọ fún un pé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò ní lágbára mọ́ láti tẹ bíréèkì ọkọ̀ ńlá. Láti ìgbà náà, ọ́fíìsì ló ń jókòó sí, ó ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ tí àwọn ẹlòmíì ń wà jáde.

Ẹ̀ńjíníà ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà. Bàbá rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n òun ló ń to kọ̀ǹpútà.

Jẹ́jẹ́ nawọ́ sí àpótí kan tó ń tan iná pupa, tó ń tan iná búlúù. "Èyí wù mí."

"Ṣé iná lẹ fẹ́ máa wò ni, àbí ọ̀nà?"

"Ọ̀nà ni o."

"Ẹ gbàgbé ẹ̀ nígbà yẹn. Inú káàdì tó ń ya àwòrán ni kí owó yín lọ, kí ojú ọ̀nà má bàa máa dá dúró mọ́ yín lójú tẹ́ ẹ bá ń yí kọ́nà. A lè fi mẹ́mórì díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ká fi kún un tó bá yá. Àpótí tó burẹ́wà pàápàá máa gbà wọ́n. Àmọ́ páwá tó ń fún gbogbo wọn níná, ẹ má wá gbàǹjo níbẹ̀ o. Ọjọ́ tí ìyẹn bá gbiná, kò sí èyí tí kò ní bá a lọ."

"Owó ọwọ́ mi ò lè gbé gbogbo wọn."

"Ẹ máa rà á díẹ̀díẹ̀. Mo máa bá yín tọ́jú ẹ̀ síbí."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ti sanwó oṣù, Jẹ́jẹ́ á tiro dé. Ó ra bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń to gbogbo ẹ̀yà yòókù mọ́, ó ra páwá. Nígbà tó yá, kò dúró de owó oṣù mọ́.

"Ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀," Ẹ̀ńjíníà wí, "tó wá ra súkúrúù lọ́jọ́ kan, tó tún padà wá ra súkúrúdíráfà lọ́jọ́ kejì."

"Mo gbàgbé ni."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ gbogbo kòtò ọ̀nà lórí?"

Jẹ́jẹ́ họ orí.

Káàdì ló wá le. Èyí tó jẹ́ tuntun wọ́n ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ̀ńjíníà wá káàdì àlòkù kan rí, tí fáànù rẹ̀ kò yí mọ́. Ó tú fáànù lára òmíràn tó ti kú, ó dè é mọ́ ọn, ó sì dán an wò láti àárọ̀ títí di ọ̀sán kó tó gbà á láyè láti sanwó.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tan ẹ̀rọ náà, ojú ọ̀nà là lójú kọ̀ǹpútà, òjò ń ta sára gíláàsì ọkọ̀. Jẹ́jẹ́ gbé ọwọ́ lé sítíárìn kékeré àlòkù tó rà. Omi ń dà lójú rẹ̀.

Ẹ̀ńjíníà gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀. "Máa lọ," ó wí. "Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ."

Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀: kò pè é ní ẹ̀yin mọ́. Jẹ́jẹ́ náà gbọ́ ọ.

Bàbá Ẹ̀ńjíníà gbọ́ ọ pẹ̀lú, láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Ẹ̀ńjíníà ti ṣe àìsàn pẹ́ kó tó kú, bàbá yìí ló sì tọ́jú rẹ̀. Ó mọ bí ó ṣe ń rí láti máa gbé ẹni téèyàn fẹ́ràn dìde lórí ibùsùn. Kò fẹ́ ẹ fún ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Kò wá lè sọ èyí, ló bá sọ òmíràn.

"Ẹ̀rọ yín ti pé, ọ̀gá," ó wí lójú Ẹ̀ńjíníà nígbà tí Jẹ́jẹ́ tún dé. "Kí lẹ tún ń wá? Àgbàlagbà tó ń fi géèmù ṣeré, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló ń wá aya?"

Jẹ́jẹ́ kí i, ó yí padà, kò sì wá mọ́.

Ilé wọn wá dákẹ́. Ẹ̀ńjíníà ń gbé oúnjẹ fún bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá a tàkúrọ̀sọ mọ́. Ó pe Jẹ́jẹ́ lórí fóònù, Jẹ́jẹ́ ní, "Bàbá ẹ ò parọ́ mọ́ mi. Wá ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ pé."

"Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀?" obìnrin náà wí, ẹkún sì gbà á lẹ́nu.

Bàbá rí ẹkún yẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi, ó wá ilé Jẹ́jẹ́ lọ, kó lè bá a sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin sí ọkùnrin, kí ọ̀rọ̀ náà parí pátápátá. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Yàrá kan ni, ó mọ́ tónítóní. Jẹ́jẹ́ jókòó sórí bẹ́ńṣì tí kò ní ẹ̀yìn, ó ń wa tírélà rẹ̀ lọ lójú kọ̀ǹpútà, kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wọlé.

Bàbá dúró, ó ń wò ó. Ọ̀nà náà ṣófo, kò sí ọkọ̀ kankan níwájú. Lójijì Jẹ́jẹ́ fọwọ́ tẹ bíréèkì lára sítíárìn, ó dúró. Obìnrin kan tí wọ́n yà sínú géèmù náà ń sọdá títì, bí ìgbín ló ń rìn. Jẹ́jẹ́ dúró títí obìnrin náà fi kọjá tán.

"Eré ni, àbí?" Bàbá bèèrè.

Jẹ́jẹ́ ta gìrì, ó gbìyànjú láti dìde. "Ẹ káàsán, sà. Bẹ́ẹ̀ ni, eré ni."

"Obìnrin yẹn ò sí níbì kankan."

"Mo mọ̀, sà. Àmọ́ mi ò lè gba orí ẹ̀ kọjá."

Bàbá wo ìbàdí rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀. Ó pa ọ̀rọ̀ tó kó wá tì. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Máa wà á lọ. Jẹ́ kí n rí ibi tó já sí."

Ìrọ̀lẹ́ ni ó padà délé. Ó wọ yàrá, ó gbé àga rẹ̀ jáde, èyí tó ní ẹ̀yìn, tó ní tìmùtìmù, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí.

"Níbo lẹ̀ ń gbé e lọ?" Ẹ̀ńjíníà bèèrè.

"Bẹ́ńṣì tí ọkùnrin yẹn ń lò máa ba ìbàdí ẹ̀ jẹ́. Wá bá mi gbé e." Ó yí apá kan àga náà sí i. "Ẹ̀rù ló bà mí, ọmọ mi. Kì í ṣe pé mo kórìíra ẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Jẹ́jẹ́ yọ sí ṣọ́ọ̀bù.

"Kí lo tún gbàgbé láti rà?" Ẹ̀ńjíníà bi í, kò gbójú sókè, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gba gbogbo ẹnu rẹ̀.

"Bàbá gbé àga wá fún mi."

"Àwa méjèèjì la jọ gbé e jáde nílé."

"Àga kan ṣoṣo ni. Mo sì fẹ́ ká jẹ́ méjì nínú ilé yẹn." Ó fara ti káńtà. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Tún un sọ, kí Bàbá gbọ́."

"Mo ti gbọ́!" Bàbá ké láti ẹ̀yìn. "Dá ọkùnrin náà lóhùn, jẹ́ kí n mu tíì mi!"

"Màá fẹ́ ẹ," ó wí. "Ṣé o rò pé mo ń tún fáànù ṣe fún gbogbo èèyàn ni?"

Èèyàn tó wá síbi ìgbéyàwó wọn kò kún yàrá kan. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, wọ́n yá mọ́tò kékeré kan, ìyàwó ló wà á. Wọ́n gun òkè kan tí Jẹ́jẹ́ ti kọjá lórí rẹ̀ láìmọye ìgbà, tí kò sì ráyè dúró rí. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tutù. Jẹ́jẹ́ bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi bo aya rẹ̀ léjìká, wọ́n sì jọ ń wo ìlú tó tẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀.

"Ibo la kàn báyìí?" Ẹ̀ńjíníà bèèrè.

"Ilé wa," ni Jẹ́jẹ́ wí.

Ẹ̀ńjíníà ní kó tún un sọ. Ó sì tún un sọ.