Àmín tí Jeremiah Ṣe Lójú Ọ̀nà

N kò ní bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Ó ṣẹlẹ̀. Ilé náà wà ní Ìkẹ́rẹ́ títí di òní, iwájú rẹ̀ kọ sí òkè Olósùnta, àwọn ará àdúgbò kì í sì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ bí wọ́n bá ń jẹun lọ́wọ́.

Kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ nígbà náà. Jeremiah Fámúrewá jẹ́ akọ̀wé ìjọba ní Adó, ó sì ń fi ọkọ̀ Pijó àtijọ́ kan lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Èèyàn dáadáa ni, àfi pé etí rẹ̀ kò gba ariwo. Bí aládùúgbò bá ń gún iyán, inú yóò bí i. Bí ọmọdé bá ń sunkún ní ilé kejì, yóò dìde lọ ti fèrèsé. Èyí sì yani lẹ́nu, nítorí ó pẹ́ tí òun àti Victoria aya rẹ̀ ti ń wá ọmọ tí yóò sunkún nínú ilé tiwọn. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Ọlọ́run ṣíjú wò wọ́n. Oyún Victoria ti hàn.

Nígbà tí ọdún Olósùnta dé, tí ìlù àti ìbọn gba ìgboro kan, Jeremiah ní àwọn ò lè dúró. Ó ní nítorí oyún ni. Victoria rẹ́rìn-ín, ó mọ ẹni tí ariwo ń yọ lẹ́nu. Wọ́n gbéra láàárọ̀, wọ́n forí lé ilé Grace, ẹ̀gbọ́n Victoria, ní Ìlàsà. Ọ̀nà náà jìn. Wọ́n la Ìsẹ̀ kọjá, wọ́n la Èmùré kọjá, kò pẹ́ tí èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú ọkọ̀.

Oko kòkó ló wà lọ́tùn-ún lósì. Ìyá àgbà kan jókòó sórí kùkùté igi lẹ́bàá ọ̀nà, korobá omi wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò sí ilé lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí igbá ọjà níwájú rẹ̀. Jeremiah dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ omi. Ìyá náà ti korobá sí i. Jeremiah rọ omi sínú ọkọ̀, díẹ̀ dà sílẹ̀, ọkọ̀ tutù.

Ìyá bi í léèrè ohun tó gbé wọn rìn. Ara ti tu Jeremiah, ẹnu rẹ̀ wá dùn. Ó ròyìn ìlù, ó ròyìn ìbọn, ó ní bí òun bá rí ibi tí ariwo kò sí, òun yóò kúkú kó lọ síbẹ̀. Ìyá gbọ́ ọ tán. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ọmọ mi, ariwo ò ní wọ ulé rẹ mọ́ láéláé."

"Àmín," ni Jeremiah wí.

Ẹ mọ àwa náà. Bí àgbà bá ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà, àmín ti wà lórí ahọ́n wa kí a tó mọ ohun tó ń wí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa nílé. Ti Jeremiah tilẹ̀ tún wá láti ọkàn.

Victoria kò ṣe àmín. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ikùn. Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n rìn díẹ̀, ó bi ọkọ rẹ̀ léèrè.

"Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ẹ ṣe àmín sí?"

"Àdúrà ni."

"Ilé tí ariwo ò bá wọ̀, báwo lọmọ ṣe máa wọ̀ ọ́?"

Jeremiah tẹ bíréèkì. Ó yí ọkọ̀ padà, ó ní àwọn yóò bẹ ìyá náà kó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, omi tó dà sílẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà. Kò sí ìyá. Kò sí korobá. Kò sí kùkùté igi.

Jeremiah pè, ó pè. Ẹyẹ kankan kò dún. Ó ní kí àwọn máa padà lọ sí Èmùré. Wọ́n rìn, wọ́n rìn. Oko kòkó kò tán. Omi tún wà lójú ọ̀nà níwájú wọn. Ó yí orí ọkọ̀ sí ọ̀nà Ìlàsà. Kò pẹ́, omi náà nìyẹn. Oòrùn kàntàrí, omi náà kò gbẹ. Ibi yòówù kó kọjú sí, ibẹ̀ ló ń bá a. Ẹ̀rù bà á dé egungun. Ó wá ṣàkíyèsí pé ìró ẹ́ńjìnnì ń rẹlẹ̀ sí i létí òun, bẹ́ẹ̀ òun kò yé tẹ iná mọ́ ọkọ̀ nídìí.

Victoria bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Orin ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ni. Ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń lu ara ọkọ̀, ó ń pariwo bí ẹni tó ń lé ẹran kúrò lóko. Ó kọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi ha. Ọkùnrin kan gun alùpùpù kọjá pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó kí wọn. Nígbà tí wọ́n tún wojú ọ̀nà, òrùlé Èmùré ni wọ́n rí.

Kò sẹ́ni tó dárúkọ Ìlàsà mọ́. Ìkẹ́rẹ́ ń mì tìtì nígbà tí wọ́n dé. Àwọn ọ̀dọ́ yí ọkọ̀ wọn ká, wọ́n ń lù ú, Jeremiah sì ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò gbọ́ ariwo tó dùn bẹ́ẹ̀ rí. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wọlé.

Gbogbo rẹ̀ dá.

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìloro, ó padà síta. Ìlù, ìbọn, ẹ̀rín. Ó tún wọlé. Kò sí nǹkan kan. Victoria wọlé tẹ̀ lé e, ó fọwọ́ di etí nítorí ariwo tó kún pálọ̀. Ẹnu rẹ̀ ń mì. Jeremiah kò gbọ́ ọ. Ẹni tó ṣe àmín ni àdúrà gbà fún.

Pásítọ̀ wá gbàdúrà. Jeremiah kúnlẹ̀, ó ń wo ètè pásítọ̀, kò mọ ibi tó ti yẹ kó ṣe àmín. Wọ́n gba yàrá ní Ìsẹ̀. Ní ọjọ́ tó tẹ́ ẹní rẹ̀ síbẹ̀, ibẹ̀ náà di ilé rẹ̀, ó sì dákẹ́. Wọ́n padà sí Ìkẹ́rẹ́. Ó lọ sí ọ̀nà Èmùré títí ó fi sú u, kò rí omi kankan nílẹ̀ mọ́.

Ọmọ dé láyọ̀. Ní ọsibítù, ó ké, Jeremiah gbọ́. Ó bẹ àwọn nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n má rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, kí wọ́n jẹ́ kó sunkún. Wọ́n rò pé ayọ̀ ti yí i lórí. Ìtùnúolúwa ni wọ́n sọ ọ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e wọlé, igbe ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀, àfi bí wọ́n ṣe kọjá ìloro. Ẹnu ọmọ ṣì là sílẹ̀. Igbe tán létí bàbá rẹ̀.

Ọdún Olósùnta tún yí ká lẹ́ẹ̀mejì. Victoria jáde wá bá Jeremiah níbi tó ti jókòó láàárín àwọn onílù. Ó ní láti àárọ̀ ni Ìtùnúolúwa ti ń pe Dádì nínú pálọ̀, kò jẹ́ kí òun sinmi.

Jeremiah sáré lọ gbé ọmọ rẹ̀ síta. Ó bẹ̀ ẹ́ kó tún un pè. Ìtùnúolúwa wo ojú rẹ̀. Ó wo àwọn èèyàn. Ó pa ẹnu dé, ó na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

Jeremiah gbé e padà wọlé. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó di etí bàbá rẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ là, ó pa dé, ó tún là.

"Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi," ni Jeremiah wí. Òun pàápàá kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀.