Ọkọ̀ Àbẹ̀ní ní Ìlú Onílùú

Orin ló ń tú jáde lẹ́nu Sùlíyá láàárọ̀ ọjọ́ náà bí omi ẹ̀rọ. Ó jókòó sórí àpótí níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Agége, ó ń fọ àwọn kẹ́ẹ̀gì tó rà ní ilé-iṣẹ́ òróró lẹ́yìn ọ̀nà rélùwéè, ó sì ń fi èjìká jó:

Ojúmọ́ ire mọ́ mi o,
Omi ń gbé mi, èmi ń gbé èrò,
Àbẹ̀ní ti dé Kútọnu,
Ayọ̀ ọ̀hún ń bọ̀ wálé.

Kí ni kò ní í kọrin sí? Òun àti Àlàmú ọkọ rẹ̀ ti ra ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ onífáíbà tó ń dán gbinrin. Orúkọ Sùlíyá ló wà lórí ìwé rẹ̀. Oríkì rẹ̀ ni wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kọ gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀: ÀBẸ̀NÍ, ỌMỌ ÒGBÓMỌ̀ṢỌ́. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ háyà ọkọ̀ lè pè é. Ẹ ṣáà mọ̀ wá: ohun tó bá dùn mọ́ wa nínú, ara rẹ̀ la ó kọ orúkọ àti ìlú wa sí. Àlàmú sì ti gbé e lọ sí Kútọnu, kó máa fi kó èrò lórí ọ̀sà wọn.

Fóònù dún. Àlàmú ni.

"Sùlíyá, má jẹ́ kí àyà rẹ já o. Àwọn agbófinró orí omi dá mi dúró. Wọ́n ní mo wọ ìlú wọn láì kọ́kọ́ yà sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ ìwọ̀lú."

"Yéè! Wọ́n gba ọkọ̀?"

"Wọ́n so ó mọ́ èbúté ni. Wọn ò bú mi, wọn ò nà mí. Gbogbo àjòjì tó bá gbé ọkọ̀ wá ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Mo ń lọ sí ọ́fíìsì wọn báyìí láti gba ìwé tí mi ò gbà. Wọn kì í jẹ́ ká mú fóònù wọlé, ẹnu géètì ni n ó fi í sí. Má ṣe nǹkan kan títí n ó fi pè ọ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, bàbá Uswat."

Etí ló gbọ́, ọkàn ò gbọ́. Orin gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Fèrè ilé-iṣẹ́ ń dún, àwọn òṣìṣẹ́ ń rọ́ wọlé, ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ nìkan ni Sùlíyá ń rí. Ibi tó ti ń rò ó ni fóònù ti tún dún. Nọ́ńbà tí kò mọ̀ ni.

"Àbẹ̀ní ò! Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété! Ìyá mi, ẹ má bẹ̀rù, ọmọ ilé ló ń pè yín. Làsísì ni mí. Èbúté tí wọ́n so ọkọ̀ yín mọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́."

Omi bọ́ lójú Sùlíyá. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú, ta ló tún ń kì í? Ohùn ọkùnrin náà sì rí bí ohùn àwọn ará ilé gan-an.

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ọkọ mi ṣe?"

"Àwọn elédè Faransé yìí fẹ́ tì í mọ́lé lónìí. Ọ̀gá wọn, ọ̀rẹ́ mi ni. Ojúlówó ìwé ọkọ̀ ló ń fẹ́, ẹ̀dà ni wọ́n bá lọ́wọ́ bàbá. Àbúrò mi wà ní Ìkẹjà, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ kó o fún un. Kí ẹ sì fọwọ́ sí abala bébà kan tí ò ní nǹkan kan lára, a ó bá yín fi èdè wọn kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí i."

"Ẹ jẹ́ kí n pe ọkọ mi ná."

"Háà! Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni? Fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn! Tó bá dún, wọ́n á ní ó ń pe àwọn onífàyàwọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Àbẹ̀ní, ṣé ará ilé ni yóò tàn yín?"

Sùlíyá júwe ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún un. Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan fi sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́. Ó rí Sùlíyá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi ọṣẹ tó ń ṣàn nílẹ̀, kò wo ti aṣọ funfun tó wọ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ló parí iṣẹ́. Sùlíyá kó ìwé fún un, ó fọwọ́ sí bébà òfìfo, ó tún gbàdúrà kún un.

Lọ́sàn-án, Oyèbọ́lá, àbúrò Àlàmú, yà wá kí wọn. Ọ́fíìsì àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́.

"Ìyàwó wa, kí ló dé tí ojú yín wú?"

"Eyínfúnjowó, ẹ jókòó. Ọlọ́run ló rán ọmọ ìlú wa kan sí wa." Ó rò ó fún un látòkè délẹ̀.

Oyèbọ́lá ò jókòó mọ́. "Ẹ ti pe ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ó ní kí n má pè."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Làsísì."

"Níbo lẹ ti mọ Làsísì?"

"Ó kì mí ní oríkì! Ó mọ ìlú mi, ó mọ nọ́ńbà mi!"

"Ara ọkọ̀ ló ti kà á, ìyàwó wa! Ẹ̀yin lẹ fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ síbẹ̀ fún un!"

Sùlíyá jókòó lé kẹ́ẹ̀gì, kẹ́ẹ̀gì sì yí.

"Agbófinró gidi kì í rán ẹnì kan wá gbàwé nílé èèyàn," ni Oyèbọ́lá ń wí, bó ṣe ń tẹ fóònù. "Ó ní ọ́fíìsì, ó ní káàdì tí àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀. Tí owó ìtanràn bá wà, ojú kàńtà la ti ń san án, wọ́n á sì já rìsíìtì. Tí èdè bá dí wa lọ́wọ́, ilé aṣojú Nàìjíríà wà nílùú wọn, ibẹ̀ la ti ń béèrè ìrànlọ́wọ́. Ẹ̀yin wá fọwọ́ síwèé tí ò lọ́rọ̀! Ohun tó bá wù wọ́n ni wọ́n á kọ lé e lórí!"

Fóònù Làsísì ti kú. Ti Àlàmú ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Wọ́n pè, wọ́n pè, òógùn bò wọ́n. Oòrùn ti ń rọ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó pè, ẹ̀rín sì kún ohùn rẹ̀.

"Sùlíyá, kọrin! Wọ́n ti lu òǹtẹ̀. Mo san ìtanràn, rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti dé èbúté báyìí, kí n tú ọkọ̀ wa."

Sùlíyá tẹ fóònù mọ́ etí. Ó ń gbọ́ bàtà ọkọ rẹ̀ lórí pákó èbúté, kò, kò, kò. Bàtà dúró.

"Sùlíyá." Ẹ̀rín ti tán. "Ọkọ̀ ò sí níbí. Ẹ̀ṣọ́ ní bí ọ́fíìsì ṣe ní kí wọ́n tú u sílẹ̀ ni ẹnì kan mú ojúlówó ìwé wá, pẹ̀lú lẹ́tà pé a ti ta ọkọ̀ fún un. Ó ní ọwọ́ rẹ ló wà nísàlẹ̀ lẹ́tà. Ta ló ta ọkọ̀ wa?"

"Èmi ni," ni Sùlíyá wí. "Èmi ni mo fọwọ́ sí i."

Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà tó ọlọ́pàá létí níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, wọ́n dé ilé aṣojú Nàìjíríà. Wọn ò tíì rí ọkọ̀ náà di òní. Àlàmú fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ mọ́tò wálé, ìwé ìwọ̀lú ọkọ̀ wà lápò rẹ̀, ọkọ̀ ò sí. Kò bá ìyàwó rẹ̀ jà. Ó kàn jókòó tì í, ó mú kẹ́ẹ̀gì kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Ìyẹn dun Sùlíyá ju ìjà lọ. Nígbà tó tún lè kọrin, orin tó ń kọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ nìyí:

Má fọwọ́ síwèé òfìfo,
Ìwé tí ò lọ́rọ̀ nínú,
Ẹni bá fọwọ́ sí i,
Ó ti filé tọrẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ọkọ̀ lọ sílùú onílùú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ọ́fíìsì ìwọ̀lú ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí. Kí àwọn ará ilé yín mọ ọ́fíìsì tí ẹ wà. Bí agbófinró bá dá yín dúró, ẹ má sá fún un tìtorí pé kò gbọ́ èdè yín. Ẹ má sì sá tọ ẹni tí ẹ ò mọ̀ tìtorí pé ó gbọ́ ọ. Ará ilé dára, ṣùgbọ́n olè náà ní ìlú tó ti wá. Ẹ má kó ojúlówó ìwé lé aránṣẹ́ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má pe ẹnikẹ́ni, ẹ pe ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lójú ẹsẹ̀, kó tó di pé ọlọ́pàá lẹ ń pè.