Èèhù Igun Oko

Ìgbín ni Bojen ń bú lọ́jọ́ tí Yuning kọ́kọ́ fojú kàn án. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín oko ìrẹsì, ó so àpò mọ́ ìdí, ó ń ṣa ìgbín odò sínú rẹ̀. "Ẹ̀yin olè! Ẹ ò gbìn, ẹ ò ro, ẹ sì fẹ́ jẹun ṣáájú onílé!"

Ẹ̀rín pa Yuning. Níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀ lórí ebè, ó bá jókòó gbàgà sínú ẹrẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o," ni Bojen wí. "Ṣé ẹ wá bá wa ṣa ìgbín ni, àbí ẹrẹ̀ lẹ wá wọ̀n?"

"Ẹrẹ̀ ni mo wá wọ̀n. Ó jìn díẹ̀."

Yuning ti fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ ní ìlú ńlá Taipei. Ó fẹ́ dáko láìlo májèlé, kí ẹja, pẹ́pẹ́yẹ, koríko àti ìrẹsì jọ máa gbé pọ̀ lórí ilẹ̀ kan náà. Ó ti yí gbogbo agbègbè Yilan po, kò rí ẹni kọ́ ọ. Ṣe ni wọ́n ń wò ó bíi wèrè. Màmá rẹ̀, ọmọ àgbẹ̀ tó ti sá fóko tipẹ́, sì ti sọ ọ́ gbangba: "Ẹnì kan ṣoṣo kì í dáko ìrẹsì. Tí mo bá wá wò ọ́ tí mi ò rí ẹni tó dúró tì ọ́, ìwọ àtèmi la jọ ń padà sílé."

Orí ló mú un kan Bojen. Àwọn bíi tirẹ̀ pọ̀ lábúlé Bojen: ẹni tó mọ̀ nípa pẹ́pẹ́yẹ á kọ́ ẹni tó mọ̀ nípa ajílẹ̀, wọ́n á jọ jẹun, wọ́n á sì máa ṣe àáró, oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la. Wọ́n wá ilẹ̀ fún un, Bojen sì ń kọ́ ọ níṣẹ́. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

"Omi kékeré o," ni Bojen máa ń wí. "Tómi bá pọ̀, ìgbín á máa gbafẹ́ kiri. Tó bá kéré, kò ní lè rìn."

"Mo ti gbọ́, ọ̀gá onígbín."

Ó gbọ́ lóòótọ́, àánú ló ṣe é. Oòrùn mú janjan lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí Màmá ń bọ̀, èèhù ìrẹsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn sì ń sorí kọ́. Yuning bá ṣí omi sí wọn, ó lọ ń se ọbẹ̀ de ìyá rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, oko pá borokoto. Ìgbín ti jẹ ẹ́ tán.

Ó ti ara rẹ̀ mọ́lé, ó bú sẹ́kún. Bojen dé ẹnu ọ̀nà.

"Ṣílẹ̀kùn, olólùfẹ́ mi."

"Máa lọ! Màmá ti wà nínú ọkọ̀ ojú irin. Mo ti dójú tì yín."

"Ta ni ò dójú tì wá rí? Ọdún tí mo dé, pẹ́pẹ́yẹ ló jẹ oko mi tán. Mo ní kí wọ́n jẹ ìgbín, wọ́n ní ìrẹsì ló dùn."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láàárín ẹkún. Ó ṣílẹ̀kùn. Háà! Gbogbo wọn ló dúró síta, èèhù lọ́wọ́ kálukú. Àgbẹ̀ ibẹ̀ kì í gbin èèhù tán. Wọ́n máa ń fi díẹ̀ sí igun oko láti fi dí àlàfo ibi tí èèhù bá ti kú. Kò sẹ́ni tí kò tú igun oko tirẹ̀ wá.

Wọ́n ń gbìn ín lọ́wọ́ ni Màmá dé. Ó dúró lórí ebè, ó ń wo ọwọ́ wọn.

"Ta ló ń gbìn ín wọ́gọwọ̀gọ báyìí?"

"Èmi ni, Màmá," ni Bojen dáhùn.

"Sún síbẹ̀ jàre!" Màmá bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò, ó bọ́ sínú ẹrẹ̀.

Nígbà tí oko kún tán, ó na ẹ̀yìn, ó wo gbogbo wọn yíká, omi lé ròrò sí i lójú. "Èèyàn ni mo ní kó o wá, o sì rí wọn. Èmi nìkan ni mò ń padà sílé."

Wọ́n hó yèè! Yuning yíjú sí Bojen. "Báwo ni mo ṣe máa san àáró yìí?"

"Tàwọn yòókù, san án nígbà ìkórè. Tèmi ni mi ò fẹ́ kó o san tán. Máa san án lọ́dọọdún, títí tí irun wa á fi funfun. Ṣé o gbà?"

"Mo gbà, ọ̀gá onígbín." Ó dì mọ́ ọn, tẹrẹ̀tẹrẹ̀.

"Ẹ rọra o!" Màmá pariwo. "Ẹ ti fẹ́ tẹ èèhù mi mọ́lẹ̀!"