Ìbéèrè Tí Rèbékà Kọ Sórí Sílééti

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Barnabas Olówòkéré jókòó níwájú Rèbékà, kò gba ìbéèrè kan ṣoṣo.

Inú iléèwé Ayétòrò ni. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, fèrèsé wà ní ṣíṣí. Màmá Rhoda, olórí àwọn obìnrin, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ́ àwọ̀n tó ya sórí itan, ó ń tún un ṣe. Àwọn àgbà ló ní kó máa jókòó síbẹ̀. Ọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó àti obìnrin tí kò tíì lọ́kọ kì í dá wà nínú yàrá ní ìlú náà, ìbáà jẹ́ Bíbélì ni wọ́n ń kà.

Rèbékà ka ìbéèrè kan láti inú ìwé rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó sọ ọ́ ní Yorùbá kó lè yé e.

"Bí agogo bá dún, àwọn ọmọ iléèwé yóò jẹun. Àwọn ọmọ iléèwé ti jẹun. Ṣé agogo ti dún?"

"Ó ti dún," ni Barnabas wí.

"Kò dájú."

"Báwo ni kò ṣe dájú, Tíṣà? Ẹ ní wọ́n ti jẹun."

"Wọ́n lè jẹun láìjẹ́ pé agogo dún."

Barnabas wò ó. "Ta ni yóò jẹun kí agogo tó dún?"

"Níbòmíràn, ẹni tí ebi bá ń pa, a máa jẹun."

Màmá Rhoda gbé orí sókè. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Irú ìlú wo nìyẹn?"

Barnabas kì í ṣe olórí kunkun. Ní Ayétòrò ìgbà náà, ohun gbogbo jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Ẹja tí apẹja bá pa, ti ìlú ni. Aṣọ tí ahunṣọ bá hun, ti ìlú ni. Kò sẹ́ni tó ń gbowó iṣẹ́. Agogo ló ń jí wọn, agogo ló ń pè wọ́n sí àdúrà, agogo ló ń pè wọ́n sí oúnjẹ. Bí kò bá dún, ìkòkò kì í ṣí. Ẹni tó dàgbà síbẹ̀ kò mọ̀ pé nǹkan lè ṣẹlẹ̀ kí agogo tó pè é.

Kọ́lájọ, ọmọ ìlú tó lọ ṣe ìdánwò àtiwọ iléèwé iṣẹ́ ẹ̀rọ lọ́dún tó kọjá, ibẹ̀ gan-an ló ti ṣubú. Ó gba ìṣirò, ó gba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ìbéèrè "bí" ló gbé e ṣánlẹ̀.

Ìlú sì nílò ẹni tí yóò yege. Ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ ìlú ń kú lójú omi. Àjòjì tó ń tún wọn ṣe ti padà sí Sàpẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà wá ní kí ọmọ ìlú kan lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ìbàdàn. Ojú wọn bọ́ sára Barnabas. Ó ka ìwé mẹ́fà, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀. Rèbékà ni tíṣà iléèwé. Òun ni wọ́n ní kó kọ́ ọ.

Rèbékà pa ìwé dé. "Gbàgbé agogo, Arákùnrin Barnabas. Gbọ́ èyí. Bí òkun bá kún, omi yóò wọ abẹ́ ilé. Omi ti wọ abẹ́ ilé. Ṣé òkun ló kún?"

Barnabas ronú. Orí òpó ni ilé wọn wà. Láti kékeré ló ti ń rí omi lábẹ́ ilé.

"Ó lè jẹ́ òjò," ni ó wí.

"Ẹn-ẹ́n!"

"Ó lè jẹ́ odò ló kún láti òkè."

"Ẹn-ẹ́n, Barnabas!"

Rèbékà rẹ́rìn-ín. Kò rántí fi Arákùnrin síwájú orúkọ náà. Ó mọ̀ pé òun gbàgbé. Barnabas náà mọ̀. Màmá Rhoda ń wá ihò nínú àwọ̀n.

Láti ọjọ́ náà lọ, wọ́n ń pàdé lẹ́yìn iṣẹ́. Barnabas a máa wá tòun ti èérún pákó nínú irun. Rèbékà a ní, "Lọ gbọn orí rẹ nù níta, kí Màmá má baà rò pé o ti ń hu ewú." Màmá Rhoda a ní, "Kó hu ewú. Ṣé kì í ṣe ìwé ló ń kà?"

Rèbékà kì í fi ohùn líle kọ́ni. Bí Barnabas bá ṣì í, a dákẹ́, a máa wò ó títí yóò fi rí àṣìṣe náà fúnra rẹ̀. Barnabas fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ yẹn ju oríyìn ẹlòmíràn lọ.

Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, ó ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sọ. Ní Ayétòrò, ọkùnrin kì í dá wí fún obìnrin pé mo fẹ́ ọ. Àwọn àgbà ló ń gbàdúrà, àwọn ló ń so ènìyàn méjì pọ̀. Ọkùnrin a gbọ́ orúkọ, a ní àmín. Ọ̀pọ̀ ló ti ṣe bẹ́ẹ̀, tí ilé wọn sì tòrò. Barnabas kò kórìíra àṣà náà. Kò tíì kàn án rí ni.

Ó kàn án lọ́jọ́ tí Bàbá Ògúnlànà wá síbi tí ó ti ń rẹ́ pákó. Bàbá ni aṣáájú nínú àwọn àgbà.

"Ṣé iṣẹ́ ń lọ?"

"Ó ń lọ, Bàbá."

"Ìwé ńkọ́?"

"Ó ń wọlé díẹ̀díẹ̀."

Bàbá fọwọ́ ra pákó náà. "O rántí Mátíù? Ìlú rán an lọ sí Èkó kó lọ kọ́ ìwé títẹ̀. Ó gbé obìnrin Èkó mì bí ẹja ṣe ń gbé ìwọ̀ mì. A ò rí i mọ́ títí dòní."

"Mo rántí rẹ̀, Bàbá."

"Àwa náà rántí. Bí o bá yege, a ó fún ọ ní ìyàwó kí o tó lọ. Ẹni tó bá ní ìyàwó nílé, yóò mọ̀nà ilé."

"Ẹ ṣeun, Bàbá."

Kò sí èsì mìíràn tí ọmọ lè fún àgbà.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, orúkọ ti ń rìn káàkiri ìlú. Wọ́n ní Moríkẹ́ ni, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì. Àbúrò Bàbá Ògúnlànà ló bí i. Ọmọ gbogbo ìlú ni gbogbo ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kì í gbàgbé ara rẹ̀. Moríkẹ́ kò ní àbùkù. Ìyẹn gan-an ló ba Barnabas lẹ́rù. Kò rí ohun tí ó lè fi kọ̀ ọ́.

Nígbà tí ó tún dé iwájú Rèbékà, àwọn ìbéèrè tí ó ti ń gbà tẹ́lẹ̀, ó ṣì wọ́n. Rèbékà dákẹ́, ó wò ó. Barnabas ò wá àṣìṣe kankan.

"Ó ń rẹ̀ ọ́ ni?"

"Rárá."

"Kí ló wá ṣe ọ́?"

Barnabas rẹ ohùn sílẹ̀. "N kò ní yege, Rèbékà. N kò fẹ́ yege."

Rèbékà wo ẹnu ọ̀nà. Màmá Rhoda ń fi eyín já òwú.

"Tún un sọ."

"Bàbá ní bí mo bá yege, wọn yóò fún mi ní ìyàwó. Moríkẹ́ ni. N kò fẹ́ Moríkẹ́. Bí mo bá kùnà, wọn ò ní fún mi. N ó dúró síhìn-ín, n ó máa kan ọkọ̀."

Rèbékà gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Inú bí i, ó sì dùn mọ́ ọn, lẹ́ẹ̀kan náà.

"Gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ láti ọjọ́ yìí, etí òkun lo dà á sí?"

"Báwo?"

"Bàbá ní bí o bá yege, a ó fún ọ ní ìyàwó. Ṣé ó ní bí o bá kùnà, a ò ní fún ọ?"

Barnabas fi ìka ka ọ̀rọ̀ Bàbá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀."

"O lè kùnà, kí wọ́n sì fún ọ ní Moríkẹ́ lọ́sẹ̀ kejì. Ẹ́ńjìnnì á kú, ojú á tì ọ́, wàá sì tún gbé e níyàwó. Èwo lo wá jèrè?"

Barnabas fi ọwọ́ bo ojú. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. "Agogo yìí ò fi mí sílẹ̀."

"Nígbà tí Bàbá ń sọ̀rọ̀, ó dárúkọ ẹnikẹ́ni?"

"Ìyàwó ló wí. Ará ìlú ló dárúkọ."

Rèbékà mú sílééti, ó kọ̀wé sí i fún ìgbà díẹ̀, ó sì tì í síwájú rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

*Bí Barnabas bá fẹ́ Moríkẹ́, Rèbékà yóò sunkún. Bí Barnabas bá kùnà nítorí Rèbékà, Rèbékà yóò sunkún. Ọ̀nà wo ni Rèbékà kò fi ní sunkún?*

Barnabas kà á. Ó tún un kà. Òógùn bọ́ sí i níwájú orí.

"Ẹ kọ kí ni síbẹ̀?" ni Màmá Rhoda bèèrè. Kò mọ̀wé kà.

"Ìbéèrè ni, Mà."

"Ṣé ó gbà á?"

"Ó ń rò ó, Mà."

"Irú ìbéèrè wo ló ń mú géńdé làágùn báyìí? Ẹ rọra o. Ọmọ ọlọ́mọ ni."

Barnabas mú ṣọ́ọ̀kì. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: *Kó yege, kó sì la ẹnu rẹ̀.*

Rèbékà fi apá ẹ̀wù rẹ̀ nu sílééti náà títí ó fi dúdú.

Òkìtìpupa ni wọ́n ti ṣe ìdánwò náà. Àwọn ọmọ ìlú ńlá wọ bàtà tó ń dán. Ẹnì kan bi Barnabas bóyá lóòótọ́ ni pé ní ìlú wọn, ẹnikẹ́ni kì í ní ohun tirẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ náà ní, "Ta ló wá ni ìwọ?" Barnabas jókòó sídìí tábìlì rẹ̀.

Ó ṣe ìṣirò. Ó ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ó dé orí àwọn ìbéèrè "bí". Wọ́n pọ̀ bí edé. Ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan ọ̀kan tó dá a dúró. Bí Adé bá gba ìyọ̀ǹda, yóò wọlé. Adé kò gba ìyọ̀ǹda. Ṣé Adé kò ní wọlé?

Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ kọ ọ́ pé kò ní wọlé, bí ó ṣe mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ó ká a padà. Ó kọ ọ́ pé kò dájú. Lẹ́yìn náà ló rí i pé kì í ṣe Adé nìkan ni òun ń dáhùn fún.

Ó yege.

Àwọn àgbà pè é. Inú ilé ìpàdé ni wọ́n jókòó sí, Bàbá Ògúnlànà láàárín. Wọ́n yin Ọlọ́run. Bàbá wúkọ́ díẹ̀.

"A ṣèlérí kan fún ọ. A ti gbàdúrà sí i. Ẹni tí a—"

"Bàbá, ẹ dákun, kí ẹ tó dárúkọ."

Ẹnikẹ́ni kì í já lu ọ̀rọ̀ Bàbá. Àwọn àgbà yíjú sí i.

Barnabas dọ̀bálẹ̀. "Mo fẹ́ Rèbékà."

"O ní kí ni?"

"Mo fẹ́ Rèbékà, Bàbá. Tíṣà."

"Ta ló ń sọ pé 'mo fẹ́' ní Ayétòrò?"

"Èmi ni, Bàbá."

Ó wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ síbẹ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó.

"Bí a bá ní rárá ńkọ́? Wàá lọ má padà wá, bíi Mátíù?"

"Rárá, Bàbá. N ó lọ. N ó kọ́ iṣẹ́. N ó padà wá tún ẹ́ńjìnnì ìlú ṣe. N kò ní fẹ́ ẹlòmíràn. Kò ní jẹ́ ìjà. N ó kàn dá wà."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Rèbékà. Màmá Rhoda tẹ̀lé e wá, tòun ti àwọ̀n. Bàbá bi í léèrè bóyá ó mọ̀ sí i.

Rèbékà kúnlẹ̀. "Mo mọ̀, Bàbá. Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ̀."

"Rhoda, ojú rẹ ńkọ́? Kí ni wọ́n ń ṣe?"

"Ìwé ni wọ́n ń kà," ni Màmá Rhoda wí. "Ká ní mo rí ohun mìíràn ni, ǹ bá ti pariwo. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi, Bàbá. Ìyàwó tí ẹ fẹ́ fún un, kó lè bàa padà wálé ni. Èwo ni yóò mú un padà nínú àwọn méjèèjì?"

Ọ̀rọ̀ náà wúwo lórí Bàbá Ògúnlànà. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ni Moríkẹ́. Ó ti bá àbúrò rẹ̀ sọ ọ́. Ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀.

"N ó bẹ àbúrò mi," ni ó wí níkẹyìn. "Yóò bínú. Ìbínú rẹ̀ ń bọ̀ wá bá mi, kò kàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́. Iléèwé kò ní tíṣà mìíràn. A ó so yín pọ̀, Barnabas yóò sì dá lọ. Títí ẹ̀kọ́ yóò fi parí, Rèbékà kò ní kúrò níhìn-ín. Ṣé ẹ lè gbà á bẹ́ẹ̀?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ọdún púpọ̀ ni.

"A gbà á," ni Rèbékà wí.

Wọ́n so wọ́n pọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀. Kò sí owó orí ìyàwó, kò sí àríyá. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, oníkálukú padà sẹ́nu iṣẹ́. Moríkẹ́ ló gbé búrẹ́dì wá. Ó kí Rèbékà pé, "Á dùn bí oyin, àǹtí mi," kò sì dúró.

Ọjọ́ Ajé ni ọkọ̀ yóò gbéra lọ sí Òkìtìpupa, ibi tí Barnabas yóò ti wọ mọ́tò Ìbàdàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Rèbékà lọ sí ilé ìfọṣọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ aṣọ gbogbo ìlú pọ̀. Kò sí obìnrin tó ń fọ aṣọ ọkọ rẹ̀ lọ́tọ̀ ní Ayétòrò. Ó tú inú apẹ̀rẹ̀, ó mú ẹ̀wù Barnabas jáde, ó gbé e lọ sídìí àmù omi òjò lẹ́yìn iléèwé. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́, ọrùn rẹ̀, apá rẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀. Omijé ń kán sínú ọṣẹ. Kò nù ún.

Màmá Rhoda yọ láti igun ilé. Ó rí ẹ̀wù náà, ó rí i pé ti ẹnì kan ṣoṣo ni. Ó yí ojú sí òkun, ó ní, "Afẹ́fẹ́ pọ̀ lọ́hùn-ún. Sá a síbẹ̀ yẹn," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Afẹ́fẹ́ ò tó. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ti ń dún nígbà tí Rèbékà sáré gba orí afárá pákó, ẹ̀wù náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kò tíì gbẹ, olùfẹ́ mi."

"Mú un wá."

Barnabas bọ́ èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó wọ ti ọwọ́ Rèbékà. Ó tutù, ó lẹ̀ mọ́ ọn láyà. Ó fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ ọ́ dé Òkìtìpupa.