Yanrìn Inú Ẹ̀rọ Èlùbọ́

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ tuntun tó ń lọ èlùbọ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìyìn-Èkìtì pariwo lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákú. Yanrìn ni wọ́n bá nínú ọ́ìlì rẹ̀. Kíá, ọlọ́pàá ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Mọ́nsúrù lọ́wọ́, ọdẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀, torí pé òkìtì yanrìn wà níwájú ilé rẹ̀.

"Mọ̀mí, ẹ gbà mí," ló ń bẹ Ìnsípẹ́kítọ̀ Ẹ̀bùnọlá tó ti Adó dé. "Alfa ń bọ̀ wá sọ ọmọ mi lórúkọ lónìí. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Èmi ò da nǹkan kan."

Ọlálérè, mẹkáníìkì wọn tó ti ń lọ èlùbọ́ láti kékeré, rẹ́rìn-ín. "Ta ló tún ní yanrìn níbí? Ẹ máa mú un lọ, mà."

Àbí ẹ ò mọ Ẹ̀bùnọlá ni! Obìnrin yẹn kì í kánjú gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́. Ó bu yanrìn inú ẹ̀rọ, ó bu ti ilé Mọ́nsúrù, ó kó méjèèjì fún Dùnmínínú, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà tó ń fi ẹ̀rọ ayàwòrán wo bí hóró èlùbọ́ ṣe tóbi tó àti bó ṣe rí. Hóró tí ojú lásán ò lè rí, lójú kọ̀ǹpútà ó tó ẹ̀wà!

"Ti ilé Mọ́nsúrù rí róbótó, mà," ni Dùnmínínú wí. "Omi odò ló yí i títí tó fi dán. Òkúta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ ni ti inú ẹ̀rọ, igun rẹ̀ ṣì mú. Kò tún sí ọ̀kan tó tóbi ju ojú ajọ̀ wa tó kéré jù lọ."

"Ajọ̀ náà dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ Bọ̀dá Ọlálérè. Wọ́n ń tún un ṣe."

Ẹ̀bùnọlá gba ajọ̀ náà níwájú gbogbo wọn, ó gbá etí rẹ̀ mọ́ bébà funfun. Òkúta kíkúnná dà sílẹ̀. Èèmọ̀!

"Àlejò ìbá kàn bu òkúta dà sí ẹ̀rọ ni," ló wí. "Ẹni tó ti ń lọ èlùbọ́ láti kékeré ò lè da ohun tí kò jọ̀ sí i. Ọwọ́ yín ò gbà fún yín, Bọ̀dá. Ẹ jọ òkúta bí ẹni ń jọ èlùbọ́."

Ọlálérè jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe ẹ̀rọ àtijọ́ tí a ń lò kí tuntun yìí tó dé," ló wí tẹkúntẹkún. "Wọ́n gbé e jù sẹ́yìnkùlé bíi pàǹtí."

Àánú rẹ̀ ṣe Ẹ̀bùnọlá, ṣùgbọ́n ó bọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ Mọ́nsúrù, ó fi sí Ọlálérè lọ́wọ́. "Sáré," ló sọ fún ọdẹ náà.

Alfa ti ń wá bàtà rẹ̀ nígbà tí Mọ́nsúrù já wọlé. Àpá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ṣì pọ́n lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe nà án, tó gba ọmọ rẹ̀.