Ewé Òkun Tí Suliat Fọ̀

Inú bọ́ọ̀sì tó ń ti Ìlọrin bọ̀ ní Òmù-Àrán ni Suliat ti kọ́kọ́ rí Ọláìyá. Ọkùnrin náà gbé garawa lé itan, omi inú rẹ̀ ta sí ìró Suliat. Ṣé bí wọ́n ṣe ń wá ìyàwó nìyẹn? Ó bẹ̀bẹ̀ títí Suliat, ọmọ ìlú Rórè, fi rẹ́rìn-ín, ló bá bi í pé ẹja kí ló gbé.

Ọláìyá ní kì í ṣe ẹja, ewé òkun ni. Kòkòrò àìfojúrí ń gbé lára rẹ̀, òun sì gbà pé àwọn ni kì í jẹ́ kí ẹran omi oníkarawun, irú èyí tí í lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi, ráyè lẹ̀ mọ́ ọn. Ìwádìí tó ń ṣe l'Ékòó nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọdún le, owó oṣù ò jáde, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, ló fi gbé ewé rẹ̀ wálé kó má baà kú.

Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára. Kò pẹ́ tí Suliat fi wá kí Màmá Fulera, ìyá Ọláìyá, ní Òmù-Àrán. Ẹ sáà mọ àfẹ́sọ́nà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ìyá ọkọ: ó gbálẹ̀, ó fọ abọ́, ó fọ ìkòkò. Ó rí ewé tó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ nínú garawa, ó da omi iyọ̀ nù, ó sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Kò mọ̀ pé inú yíyọ̀ yẹn gan-an ni àwọn kòkòrò náà ń gbé.

Ọláìyá dé, ó figbe ta, ó ní ta ló ba iṣẹ́ òun jẹ́. Kí Suliat tó lanu, Màmá ti dáhùn pé, "Èmi ni mo fọ̀ ọ́."

Lẹ́yìnkùlé, Màmá rọra sọ fún Suliat pé, "Dákẹ́, ìyàwó mi. Ọmọ mi ni, yóò dárí jì mí. Ìwọ, kò tíì mọ̀ ọ́ tó bẹ́ẹ̀."

Kò dárí jì wọ́n. Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́ l'Ékòó, tó dá ewé náà padà sínú òkun, ẹran oníkarawun bò ó bí èélá, ọ̀gá rẹ̀ sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti Èkó dé, Rórè ló ń yà sí. Iléyá dé, kò dé ilé ìyá rẹ̀. Wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, òótọ́ á bá irọ́. Ọkàn Suliat ń dá a lẹ́bi tọ̀sán-tòru.

Wọ́n ti dá ọjọ́ yìgì kó tó lè sọ ọ́.

"Olólùfẹ́ mi, èmi ni mo fọ ewé yẹn. Màmá ló ní kí n dákẹ́."

Ọláìyá dìde, ó jáde, Suliat sì gbà pé ó ti parí nìyẹn.

Òmù-Àrán ló lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá rẹ̀, ó ń sunkún.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Suliat ni. Màmá, mi ò mọ bí mo ṣe máa wojú yín."

Màmá ní kó dìde. "Mo rò pé mò ń bá ọ dá ìyàwó dúró ni. Àṣé ẹrù tí ò lè gbé ni mo dì fún ọmọ ọlọ́mọ."

Àwọn méjèèjì jọ gba Rórè lọ láti bẹ Suliat. Ọmọbìnrin náà rí wọn lókèèrè, ó ti kúnlẹ̀ kí wọ́n tó dé. Màmá náà kúnlẹ̀. Ọláìyá dọ̀bálẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nílẹ̀, kò sì sí ẹni tó lẹ́nu láti sọ fún ẹnìkejì pé kó dìde.